Mọ́nítọ̀ tó o fi ránṣẹ́ ò bàjẹ́ o

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, báwo ni Jámánì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú òtútù? Jọ̀ọ́ fọkàn balẹ̀, mọ́nítọ̀ tó o bá mi kó sínú ẹrù yẹn, bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹ náà ló ṣe dé Àkúrẹ́. Látìgbà tí mo ti sọ fún ẹ lórí WhatsApp pé ó ń fa àwòrán ni mo ti mọ̀ pé ara ẹ ò lélẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀.

Ojú screen yẹn fẹ̀, ìwọ̀n 1920x1080 (iye àmì tíntìntín tó wà ní ìbú àti gíga ẹ̀) ló yẹ kó gbé, àmọ́ 1024x768 ni Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, ń fún un, kò sì sí èyí tó ju ìyẹn lọ nínú Settings. Ìwọ̀n kékeré lójú screen gbọọrọ, ó di dandan kó fẹ àwòrán sí ẹ̀gbẹ́. Pósítà òkú ni mò ń ṣe lọ́wọ́ fáwọn kan ní Òkè-Àró, ọmọ olóògbé wá wò ó, ó ní ojú màmá òun kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní panel, ìyẹn ojú mọ́nítọ̀ tó ń gbé àwòrán jáde, ti lọ, pé ó ti forí gbá lójú ọ̀nà, kí n lọ ra tokunbo míì. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan o! Mi ò fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Panel tó bá ti lọ á máa fi ìlà hàn ni, tàbí kí apá kan dúdú, kì í fa àwòrán gbogbo ní dọ́gba-dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ EDID ni, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ mọ́nítọ̀. Ó wà nínú mọ́nítọ̀ fúnra ẹ̀, byte 128 péré, ibẹ̀ ló ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é, àtàwọn ìwọ̀n tó lè gbé. Tí kọ̀ǹpútà bá béèrè tí kò rí èsì, á ṣe mọ́nítọ̀ bí àlejò tó kọ̀ tí kò dárúkọ, ìta ló máa fi í sí, 1024x768 yẹn sì ni ìta. Mo ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ èyí kó lè ka iye byte EDID tó dé:

cat /sys/class/drm/card0-VGA-1/edid | wc -c

òdo ló gbé jáde. Mọ́nítọ̀ ń tàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Oníbàárà ń dúró, torí náà mo kọ́kọ́ fipá ṣe é. Mo jáde, mo mú Ubuntu on Xorg níbi tí wọ́n ti ń wọlé (Xorg àti Wayland jẹ́ ètò tó ń gbé àwòrán sójú screen), torí xrandr, àṣẹ tí wọ́n fi ń yí ìwọ̀n screen padà, ò lè fi ìwọ̀n tuntun kún un lórí Wayland, mo wá tẹ cvt 1920 1080 60, ó fún mi ní Modeline, ìlà tó ṣàlàyé ìwọ̀n náà fún kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí 173.00, mo kó o sínú xrandr --newmode, mo fi --addmode so ó mọ́ VGA-1, lẹ́yìn náà --output VGA-1 --mode. Screen ṣú díẹ̀, ló bá padà dé, ojú màmá sì bọ̀ sípò. Àmọ́ tó o bá ti pa kọ̀ǹpútà tán ó ti lọ nìyẹn, ìwọ náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí.

Mo wá fa wáyà VGA tó so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́nu ẹ̀. Dàpọ̀, pin 12 àti pin 15, lára àwọn abẹ́rẹ́ kékeré ẹnu wáyà, ò sí níbẹ̀! Àwọn méjèèjì yẹn gan-an ni EDID ń gbà kọjá, àwọn tó ṣe wáyà yẹn ò fi wọ́n sí i rárá, torí kówó ẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn pin tó ń gbé àwọ̀ pé, ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́nì kankan fura sí wáyà. Wáyà yẹn kì í ṣe tìẹ o, ibí ni wọ́n ti tà á fún mi. Mo ra òmíràn ní Arákálẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ẹnu ẹ̀ wò kí n tó sanwó, ẹni tó ń tà á bínú díẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́, 1920x1080 jáde fúnra ẹ̀, wc -c sọ 128, mi ò sì nílò xrandr mọ́, mo ti padà sórí Wayland.

Tó o bá ń bọ̀ lọ́dún, bá mi wá adápútà DisplayPort sí DVI kan, kọ̀ǹpútà yìí ní DisplayPort lẹ́yìn, mọ́nítọ̀ sì ní DVI, lẹ́tà á mọ́ ju báyìí lọ. Má ra olówó ńlá. Bá mi kí ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun