Mítà kọ HI, àwa ń wá oògùn ọgbẹ́ inú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àtọ̀gbẹ, ó dáa, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ò ju ká má jẹ iyán jù, ká má mu mínírà. Ẹ ò fẹnu ba ọjọ́ tí ṣúgà máa ń fò sókè tí ẹni náà ò tiẹ̀ jẹ nǹkan kan.

Ó ṣojú mi. Bàbá wa ní Arákàlẹ̀ níbí ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ibà wá gbé wọn, oúnjẹ ò lọ, màmá wa ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, ẹni tí ò jẹun, ínsúlínì kí ló fẹ́ gún, kí ṣúgà má lọ já wálẹ̀. Èmi náà ní òótọ́ ni. Nígbà tó dọjọ́ kejì wọ́n ń bì, inú ń run wọ́n, wọ́n ń tọ̀ ṣáá, wọ́n mu omi mu omi òùngbẹ ò lọ. A ní ọgbẹ́ inú ni. Àṣálẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà o, ẹnu wọn wá ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mítà ṣúgà, kò kọ nọ́ńbà, HI ló kọ. Àbúrò mi ní ṣé ó ń kí wa ni. Àṣé tí mítà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣúgà ti kọjá 600 mg/dL nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló là wá lóye, pé àìsàn fúnra ẹ̀ máa ń ti ṣúgà sókè, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, tí ínsúlínì ò bá sì sí, ara á máa jó ọ̀rá, ásíìdì á kún inú ẹ̀jẹ̀. Dírìpù lórí dírìpù ni wọ́n fà sí wọn lára kí ojú wọn tó wálẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró náà ò yọ sílẹ̀ o, ṣúgà tiwọn lè rọra máa gùn sókè fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa sùn, wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ, àwa á ní ogbó ni tàbí ayé.

Ẹ bá wa kọ ọ́ gàdàgbà: ẹni tó ń gún ínsúlínì, tó bá ń ṣàìsàn, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀, kó bi dókítà, kó máa yẹ ṣúgà wò léraléra (mo mọ̀ pé strip tí wọ́n ń kì bọ mítà wọ́n). Tó bá ń bì tí ò dúró, tàbí mítà kọ HI, ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi sí ojú ewé bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni bàbá wa kọ́kọ́ máa ń ṣí.

Èmi ni,
Ọmọ Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́