Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ọlọ́tí sí Káńsù: Ẹ Wá Máa Yẹ Ọtí Wa Wò

Sí Alága Káńsù wa, àtàwọn kánsẹ́lọ̀, àtàwọn wolé-wolé,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Àwa ẹgbẹ́ ọlọ́tí ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó níbí la kọ ìwé yìí, àwa tá a ní bíà pálọ̀, àwa ẹlẹ́mu, àwọn ìyá oníparaga gáréèjì náà wà nínú wa. Ẹ bá wa dín owó kù kọ́ la bá wá lọ́tẹ̀ yìí o. Láísẹ́ńsì tẹ́ ẹ̀ ń fún wa, ẹ jẹ́ kó níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀bẹ̀ wa nìyẹn.

Torí bó ṣe wà báyìí, ẹni tó bá ti sanwó ti parí ẹ̀. Àwọn agbowó á dé láàárọ̀, wọ́n á gbowó, wọ́n á ya rísíìtì, wọ́n á gun ọ̀kadà wọn lọ, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ògógóró tó o gbé kalẹ̀ yìí, ta ló sè é, ìgbà wo ló dé. Ẹni tó ń ta ojúlówó àti ẹni tó ń po kẹ́míkà mọ́ ọn, bébà kan náà ló wà lára ògiri àwọn méjèèjì. Ó ń dùn wá gan-an.

Ṣé ẹ rántí Òde-Ìrèlè, oṣù kẹrin 2015? Èèyàn tó lé ní 15 ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí á máa fọ́ wọn, ojú á ṣókùnkùn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ẹlòmíì ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú torí wọ́n wọ ojúbọ lọ jalè, àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni, ìgbà tí wọ́n wá ṣàyẹ̀wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olóró kan, ni wọ́n bá lára àwọn tó mu ògógóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú ní Rivers náà lọ́dún yẹn, ìjọba àpapọ̀ bá fòfin de ògógóró. Ṣé ó wá tán lọ́jà? Kò tán, abẹ́ tábìlì ló sá sí, níbi tójú wolé-wolé ò dé.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí, ojú ò lè dá a mọ̀, ẹnu ò lè dá a mọ̀, ó jọ ọtí gidi. Ẹni tó mu ún lálẹ́ lè sùn, kó jí, kó tiẹ̀ lọ sóko kójú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u, torí inú ara ló ti máa ń di májèlé. Tí wọ́n bá tètè gbé e dé ọsibítù ńlá, oògùn wà, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ọtí àná ló ṣì ń dà á láàmú? Àwọn àgbà tó mọ ọtí sè létí odò níbí, èyí tó bá kọ́kọ́ kán, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni mu, wọ́n á fi ìgò kékeré gbè é, wọ́n á dà á nù, kí wọ́n tó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ páìpù. Iṣẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Àmọ́ èyí tó ń pa èèyàn rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó po kẹ́míkà mọ́ ọtí kó lè pọ̀ ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn ò ní hàn àfi tí wọ́n bá gbé e lọ sí láàbù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí gbogbo ẹni tó ń ta ògógóró forúkọ ẹni tó ń sè é fún un sílẹ̀, kí déètì àti orúkọ wà lára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí wolé-wolé máa yọ sí wa lójijì bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì yọ owó àyẹ̀wò yẹn látinú láísẹ́ńsì tá à ń san. Ẹ má ní ọwọ́ Àbújá ló wà o, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi láísẹ́ńsì ọtí àti àmójútó títà ẹ̀ sábẹ́ káńsù.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà tún wà níbẹ̀. Ìyá kan nínú wa tó ń tà nítòsí gáréèjì, agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ káńtà ẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sí, tí ahọ́n ẹ bá ti ń lọ́, kò ní fún ẹ àfi tó o bá jẹun, tó o mu omi, tó o sinmi dáadáa. Wọ́n ti bú ìyá yìí, ẹnì kan tiẹ̀ gbá a létí, nígbà tó lọ fẹjọ́ sùn wọ́n ní kí ló kàn án pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọlọ́kọ̀. A fẹ́ kí òfin káńsù wà lẹ́yìn irú wọn, kí ẹni tó bá kọ̀ láti ta ọtí fún ẹni tó ti yó má di ẹlẹ́bi.

Ọmọ tí ò tíì pé 18 ńkọ́? Ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn òbí tó ń rán wọn wá ra ọtí. Ti ọtí inú ọ̀rá, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ní kó kásẹ̀ nílẹ̀ láti January 2024, wọ́n tún sún un síwájú, àmọ́ ẹ̀yin lè ní ká má tà á nítòsí ilé ìwé, a máa tẹ̀ lé e.

A ti yan èèyàn mẹ́ta tó máa bá yín jókòó. Ẹ dá ọjọ́ fún wa kí ọdún Kérésì tó wọlé, torí ìgbà yẹn ni ọtí ayédèrú máa ń ya wọ ọjà.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́