Lẹ́tà sí Àkànní, àbúrò mi tó pa fóònù rẹ̀

Àkànní ọmọ ìyá mi,

Orúkọ tí ìyá wa nìkan fi ń pè ọ́ ni mo lò, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ má baà mọ̀ ọ́. O ò gbé ìpè mọ́, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá wàá rí i kà.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ kan wọ fóònù mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Fọ́tò rẹ ló wà níbẹ̀, èyí tí o dé fìlà àdìrẹ tí mo rán fún ọ. Wọ́n kọ "olè, gbájúẹ̀" sí abẹ́ rẹ̀. Mo pè ọ́, fóònù ti kú. Mo pe ìyàwó rẹ, ó ní o ò tíì wọlé. Àyà mi já. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ló fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó tí o jẹ wọ́n ni àyà mi ṣe já. Mo mọ ibi tí èèyàn máa ń wà nígbà tó bá pa fóònù rẹ̀ báyẹn, èmi náà ti gbé ibẹ̀ rí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, gbèsè ọrùn mi jẹ́ 412,000 náírà. Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún? Àwọn oníbàárà á wá sí ọjà Ìtòkú, wọ́n á fọwọ́ pa aṣọ, wọ́n á ní àwọn ò rí owó gbà ní báǹkì. Èyí tó bá ní òun fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, a óò jọ jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó ò ní wọlé. Ni mo bá yá owó lórí fóònù. 30,000 ni mo tọrọ, 24,000 ló wọlé, 33,000 ni wọ́n ní kí n dá padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo yá ti ibòmíràn fi san ìyẹn. Sọ́gùndogójì tí àwọn bàbá wa ń pè ni, fóònù ló kàn gbé e wá. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi máa sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún á fi parí, ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti jẹ gbèsè sí.

Ìwé tí Ṣọlá ò lò tán níléèwé ni mo mú. Alẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí mo palẹ̀ ọjà mọ́, orúkọ àti iye nìkan ni mo kọ. 250,000 ni mo rò pé ó jẹ́. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí kì í ṣe owó. Wo ọ̀kan, bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹfà. Mo ta yáàdì márùn-ún lọ́nà méjì, 12,000. Owó ọkọ̀ láti Ọbántókò ti di 400. Mo san 3,000 fún ẹgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé aṣọ ẹbí ìṣílé wá, 15,000. Mo ní kó fi sílẹ̀, mo máa mú owó wá lọ́la. Mi ò ní owó. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò ní."

Nígbà tí mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo ń fi báírò pupa yí i ká: ìṣílé, ìkómọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí. 61,000 láàárín oṣù mẹ́ta, ó ju iye tí mo san nínú gbèsè lọ. Lóòótọ́ ni epo wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún, lóòótọ́ lọjà tutù. Ṣùgbọ́n 61,000 yẹn, ojú ayé ni mo fi ṣe. Ká ní "aṣọ, 15,000" nìkan ni mo kọ ni, mi ò bá má rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o kọ bó ṣe rí lára rẹ mọ́ iye tí o ná.

Ìyá aláró tó ń pa aró fún mi ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù. 95,000 ni owó wọn. Oṣù méjì ni mo fi ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí wọ́n má baà rí mi. Lọ́jọ́ kan mo mú ìwé náà dání, mo lọ bá wọn nídìí ìkòkò aró. Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n kà á sí wọn létí. Mo ka gbogbo ojú ewé náà, títí kan ibi tí mo ti kọ pé mò ń sá fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọjọ́ Sátidé." Wọ́n tẹ àtàǹpàkò wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo kọ ọ́ sí, pẹ̀lú aró tútù lọ́wọ́, ó sì wọnú ìwé dé ojú ewé kejì. Bí mo bá ti san, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn ò dúdú tó àwọn tó kù, wọ́n ti fọwọ́ kí wọ́n tó rí mi. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni mo san gbogbo gbèsè ọrùn mi tán.

Ní ti àwọn tó fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, má pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́, tọ́jú gbogbo rẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù sílẹ̀ láti 2022. Wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí o sì fi ẹjọ́ wọn sùn.

Mo ti fi ìwé tuntun kan sínú ọ̀rá, pẹ̀lú báírò méjì. Awakọ̀ tó máa ń ná Ìbàdàn láti Kútọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa fún ìyàwó rẹ. Kọ orúkọ gbogbo wọn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí o bá gbà á. Kọ 40,000 tí o gbà lọ́wọ́ mi nígbà ìkómọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mi ò ní béèrè rẹ̀ títí wàá fi san ti àwọn tó kù tán.

Tan fóònù rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́