Lẹ́tà sí Bàbá mi, lórí àpò kòkó ọdún 2000

Bàbá mi,

Ọmọ tó wà nínú ìyàwó mi nígbà tí a sin yín ti wọ fásitì ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló fẹ́ kọ́, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn yẹn dé náà ni oníkòkó gbé ìwọ̀n rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó dá owó lé kílò kan, mo sì ní kó tún un pè, bóyá etí mi ló di. Etí mi ò di.

Ẹnìkan tó dúró nítòsí ní kí n má bara jẹ́, ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Inú bí mi sí i. Kò mọ̀ pé òwe yín ló ń pa. Ẹ ó pa á tán, ẹ ó ní “Ọlọ́run ló ni ìgbà,” ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ bèèrè nǹkan kan nínú ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta kòkó fún Bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, títí ìjọba fi tú u ká ní 1986, tí owó kòkó wá fò sókè lẹ́yìn rẹ̀ títí ilé wa náà fi di onípáànù, ẹ̀yin náà lẹ rí ọdún 2000 tí tọ́ọ̀nù kan ò tó 1,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Bí mo bá sọ fún yín pé ó kọjá 12,000 dọ́là ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹ ó ní kí n yé parọ́. Àrùn àti ojú ọjọ́ tí kò dára ló ba kòkó Ghana àti ti Côte d'Ivoire jẹ́, tiwa wá di góòlù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti sá lọ gun ọ̀kadà padà sóko. À ń sùn sínú oko nítorí olè, nítorí wọ́n ń wá ká kòkó lórí igi lóru. A ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ, a jó. (Èmi náà jó o, ṣùgbọ́n ó wá sí mi lọ́kàn lẹ́nu ijó yẹn pé àgbẹ̀ kan ń sunkún níbì kan lórí ohun tí à ń jó sí.) Kí 2025 tó parí, owó yẹn ti já sí ìdajì.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àpò yẹn. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí.

Òjò ọdún 2000 yẹn ò dáwọ́ dúró láti oṣù Keje. Èso kòkó á ní àmì kékeré kan lára bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ó ti dú látòkè délẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á sì bò ó. Kò sówó oògùn, páǹpù dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìwọ̀nba èyí tí a rí pa, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí ó fi kan, ṣùgbọ́n oòrùn tí a ó sá a sí dà? Màmá ní ká dáná sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní èéfín ń ba kòkó jẹ́, òórùn rẹ̀ kì í kúrò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kó o síta, tí a tún ń sáré kó o wọlé, gbogbo ilé ń rùn bí ọtí kíkan. Èyí tó bu ju èyí tó gbẹ lọ. Níkẹyìn, àpò kan ló kún.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní SS2, wọ́n ti lé e wálé nítorí owó ilé ìwé. Gbogbo wa la mọ ibi tí àpò yẹn ń lọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́, nítorí kò sóhun tó fẹ́ sọ níbẹ̀. Ọjọ́ Ìkórè pé, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣì ń rí i. Ẹ gbé e sí apá òsì pẹpẹ, láàárín iṣu àti ìdì ìrèké, lábẹ́ màrìwò tí àwọn ọ̀dọ́ so. Kò gbẹ tán. Kí àlùfáà tó dé àárín ìwàásù, òórùn kíkan rẹ̀ ti gba gbogbo ìjókòó iwájú, ìyá ẹgbẹ́ kan fi etí ìborùn bo imú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo, oníkòkó tí à bá tà á fún náà ló rà á, iye tó sì dá ò tó ti ọjà, ó ní ó tutù. Ẹ mọ gbàǹjo Ìkórè: àwọn èèyàn á ra àgbàdo mẹ́rin ní owó àgbò nítorí Ọlọ́run. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ohun tí owó rẹ̀ jábọ́ níbẹ̀. Àpò ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí a tó ka Oore-ọ̀fẹ́.

A délé, ẹ jẹ iyán. Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sí ilé ìwé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ràn wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé abọ́ sábẹ́ kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tẹ́ ẹ ó fi omi dídùn rẹ̀ pamọ́ fún mi kí àwọn yòókù tó jí. Ìyẹn ló jẹ́ kí àpò yẹn máa wúwo sí i lójú mi lọ́dọọdún. Mo ti sọ ọ́ fún àlùfáà kan rí, ó ní bíi ti opó tó da owó wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú àpótí ni. Mo ní tirẹ̀ ni opó yẹn fi sílẹ̀, àpò tí mò ń wí yìí, ti Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gbàdúrà.

Ẹ fẹ́ràn ìlérí tí Ọlọ́run ṣe lẹ́yìn ìkún omi Nóà, pé ìgbà irúgbìn àti ìgbà ìkórè, ẹ̀rùn àti òjò, kò ní dáwọ́ dúró. Ó ń mú un ṣẹ, mi ò ní parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sí owó kílò nínú májẹ̀mú yẹn. Òjò ọdún 2000, ọwọ́ Rẹ̀ ló ti wá. Ta ló wá já owó tọ́ọ̀nù wálẹ̀? Àwọn tó jókòó sí London àti New York, tí wọ́n ń ra kòkó tí kò tíì so lórí ìwé, tí wọn ò sì fọ́ èso kan rí láyé wọn. Ẹ da òjò àti àwọn wọ̀nyẹn pọ̀, ẹ pe gbogbo rẹ̀ ní ìgbà, ẹ fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àpò nìkan ló kù ní ìkáwọ́ yín, ẹ tún kó òun náà mọ́ ọn.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ padà? Ìṣirò ló ń lé mi kiri. Bàbá bi mí kí wọ́n tó gbé e, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ.” Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi? Àbí àṣírí yín ló ń bò? Òun ló máa ń ní òun ò fẹ́ràn ẹran nígbà tí ẹran ò bá kárí. Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán.

Èmi ló wà nídìí oko báyìí. Owó tí mo yá ní àjẹṣẹ́kù nígbà tí kílò ń gun òkè, oògùn àti páǹpù tuntun ni mo fi rà. Èlé rẹ̀ ò gbọ́ pé kòkó ti wálẹ̀. Àpò mọ́kànlá wà nínú yàrá yín. Ìyàwó mi ní ká tà á kó tó tún já sí i, àwọn ẹgbẹ́ ní ká ní sùúrù. Owó fásitì ò ní sùúrù ní tiẹ̀. Lálẹ́ àná, ọmọ náà bi mí bóyá owó òun máa pé. Èmi tí mo ti ń bá yín jà láti òkè lẹ́tà yìí, ẹnu mi ló yá jù mí lọ: mo ní Ọlọ́run ló ni ìgbà. Ó wò mí, ó ní “Ẹ ṣé, sà,” ó wọlé.

Mo tẹ̀ lé e wọlé. Mo kó ìwé gbèsè jáde, mo fi iye tí oníkòkó dá hàn án, mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀. Ó ní bí a bá ta mẹ́fà, owó ìwọlé òun á jáde níbẹ̀, a ó sì rí díẹ̀ tì sẹ́nu gbèsè, kí márùn-ún dúró wo ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbàdúrà lé e lórí, àdúrà tó gùn, mo sì gbà gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Oníkòkó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ká ní ẹ jẹ́ kí àwọn dáná sábẹ́ kòkó ọjọ́ yẹn ni, àpò méjì ni ì bá jẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin.