Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ fi bàálù kékeré la òkè kọjá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ, o kú oríire láísẹ́ǹsì o, inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti ní o fẹ́ gbé bàálù ẹlẹ́ńjìnì kan gba àárín òkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó o tún ní tójú ọjọ́ ò bá tiẹ̀ dáa wàá kàn lọ wò ó ná, ibẹ̀ yẹn ni mi ò gbà, òun ló mú kí n jókòó kọ èyí.

Lílọ wò ó ná yẹn gan-an ló ń pa àwọn pailọ́ọ̀tì. Ìkúukùu kì í já luni lẹ́ẹ̀kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ló ń wálẹ̀, ìwọ náà á máa wálẹ̀ kójú ẹ lè máa tó ilẹ̀, àfonífojì á máa fún mọ́ ẹ, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ á tún máa gòkè bọ̀ wá bá ẹ, ìgbà tó o bá máa fi ní o fẹ́ ṣẹ́rí padà, àyè àtiyí ò sí mọ́. Tó o bá wá wọnú ìkúukùu yẹn ńkọ́? Lọ́dún 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà kó pailọ́ọ̀tì 20 tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìrinṣẹ́ nìkan fò, wọ́n bo ojú ìta mọ́ wọn bíi pé inú ìkúukùu ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tápá ẹ̀ ká bàálù títí dópin, tá a bá pín àsìkò tó gbà kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn dọ́gba, kò ju sẹ́kọ́ńdù 178 lọ. Etí inú ló ń purọ́ fún wọn, bàálù ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara á ṣì ní tààrà là ń lọ.

Afẹ́fẹ́ tún wà ńbẹ̀ o, ìyẹn ò tiẹ̀ nílò ìkúukùu rárá. Tó bá gun òkè níwájú, ńṣe ló máa ya lulẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí omi tó ń ré kọjá lórí àpáta. Cessna 172 tuntun, bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnì kan, ò lè gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà 700 lọ ní ìṣẹ́jú kan létí òkun, lókè lọ́hùn-ún kò tó ìyẹn rárá, afẹ́fẹ́ yẹn sì lè tì ẹ́ wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. O ti fa imú bàálù sókè, ẹ́ńjìnì ń ké, ọwọ́ aago tó ń ka gíga ṣì ń yí padà sẹ́yìn lójú ẹ báyìí.

Má sọ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ń là á kọjá. Ní May 29, 2022, bàálù Twin Otter kan tó gbéra ní Pokhara lọ sí Jomsom ní Nepal kọ lu òkè, èèyàn 22, ẹnì kan ò yè é, ẹ́ńjìnì méjì nìyẹn o.

Tó o bá máa lọ ṣá, àárọ̀ kùtù ni kó o gbéra kí afẹ́fẹ́ tó dìde, má kọjú sí orí òkè gbọọrọ, fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn kó lè rọrùn láti yí kúrò. Ṣé bàálù ẹ ní nǹkan tó ń yọ́ omi dídì kúrò lápá ẹ̀? Mo mọ̀ pé kò ní, nítorí náà àwọsánmà tó tutù, yẹra fún un jọ̀ọ́. Kó o sì ti sọ fáwọn tó ń retí ẹ pé o lè má dé lọ́jọ́ yẹn, kó má di pé torí tiwọn lo ṣe ń kánjú. Tó bá di pé o sùn sọ́nà, pè mí, a jọ máa sọ̀rọ̀ dọ̀la ni.

Èmi ni, oníyọnu ẹ.