Koríko orí omi kì í ṣe ẹyọ kan

Olóòtú,

Ìmọ̀ràn kan ti gbòde láàrin àwọn tó ń sin ẹja nínú adágún oníyẹ̀pẹ̀, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán: bí ewé bá ti bo omi, kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n fín in lóògùn. Ìmọ̀ràn náà kù díẹ̀ káàtó. Oríṣi mẹ́ta ni koríko yìí: ojúoró, òṣíbàtà àti èyí tó ń hù lábẹ́ omi. Ibi tí oníkálukú ti ń jẹun la fi ń mọ bí a ó ṣe kápá rẹ̀.

Ojúoró kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ fa ẹyọ kan sókè: gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí irùngbọ̀n, inú omi ló ti ń fa oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára gbilẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ adìẹ, ajílẹ̀ tàbí omi ọṣẹ bá ti ń ṣàn wọlé. Ẹ tún wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí okùn funfun tín-ín-rín tó so ìyá mọ́ ọmọ. Ọmọ náà á tún na okùn tirẹ̀. Ẹni tó kó ìyá tó fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá a jọ sápá kan, ẹ fi okùn há a mọ́bẹ̀, kí ẹ fi réèkì wọ́ ọ jáde. Ẹ kó o jìnnà sí etí omi tó bí ẹsẹ̀ bàtà 20, kí òjò má baà gbá a padà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ padà wá ṣa àṣẹ́kù. Ó wúwo púpọ̀, nítorí nínú kílò 10, bíi kílò 9 ló jẹ́ omi.

Irú ẹ̀fọn kan tún wà tí ìdin rẹ̀ máa ń gún gbòǹgbò ojúoró láti fa afẹ́fẹ́; kì í yọjú sókè. Ẹni tó ń da epo sójú omi láti pa ìdin yìí ń fi epo ṣòfò.

A máa ń ṣàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò pe méjèèjì lórúkọ kan náà. Ewé òṣíbàtà léfòó, ṣùgbọ́n isu rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá ewé rẹ̀, ẹ ó rí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìsàlẹ̀. Ẹ ki orí kan ọ̀pá náà bọ omi kí ẹ fẹnu fẹ́ orí kejì, omi á hó. Gígé ewé kì í pa á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà ni kí ẹ hú isu náà.

Ẹ̀kẹta, èyí tó rí bí irun lábẹ́ omi, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Àdá kàn ń bá a tan irú-ọmọ rẹ̀ kálẹ̀ ni, torí èyí tó já lè di odindi. Ẹ ki apá bọ omi: bí omi bá kọjá ìgbọ̀nwọ́ tí ìka yín ṣì hàn, omi náà mọ́ jù. Lọ́sàn-án koríko yìí ń fún ẹja ní ọ́síjìn. Lóru ó ń bá ẹja pín in. Ìdájí ni ẹ ó rí epìà tó ń yanu lójú omi. Àrọ̀ lè mí láti òkè, epìà ò lè ṣe é.

Bí oògùn bá di dandan, ìdá kan nínú mẹ́ta adágún ni kí ẹ fín, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó fín òmíràn. Ewé tó kú lẹ́ẹ̀kan náà á jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, ìjẹrà yẹn ló ń gba ọ́síjìn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Àwọn tó ń ta oògùn kì í sábà dárúkọ apá yìí.

Olùsìn ẹja kan,
Òkè-Oyì, Ìlọrin