Fíúsì nìkan ò tó

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí iná tó ń ti ara wáyà ṣẹ́yọ, mi ò sì gbà pẹ̀lú ohun tó sọ, pé fíúsì nìkan ti tó láti dènà ẹ̀. Rọ́bà ara wáyà kì í ṣàdédé bàjẹ́, ooru, omi àti eku ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, iná mànàmáná tó ń jò jáde níbẹ̀ sì lè kéré débi pé fíúsì ò ní mọ nǹkan kan. Ẹ wo yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù, wọn kì í so iná ibẹ̀ mọ́ ilẹ̀, torí náà àléébù àkọ́kọ́ ò ní pa iná (ta ló fẹ́ kí iná lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń la èèyàn?), ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà ló máa pariwo kí agbára tí rọ́bà yẹn fi ń dènà iná tó já wá sísàlẹ̀ 50 kilohm (kilohm ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), kí wọ́n lè wá ibi tó bàjẹ́ rí kí àléébù kejì tó dé. Ilé iṣẹ́ ńláńlá náà nílò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jàre.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ iná mànàmáná